Ọ̀sẹ̀ Tí Wọ́n Ti Ilé Ẹ̀yìn

Ọjọ́ Ajé ni Olújìmí ránṣẹ́ pe Nọ́ọ̀sì Bùsírátù sí ọ́fíìsì tí bàbá rẹ̀ máa ń jókòó sí. Kò tíì pé ọdún kan tí Dókítà Bándélé kú, orúkọ rẹ̀ ṣì wà lára ilẹ̀kùn. Olújìmí fúnra rẹ̀ kì í ṣe dókítà. Báńkì ló ti ṣiṣẹ́ l'Ékòó fún ọdún mọ́kànlá kí àwọn ẹbí tó ní kó máa bọ̀ l'Abẹ́òkúta wá gba ọsibítù náà, kí ó má baà bàjẹ́.

"Àǹtí, ẹ jókòó," ó wí.

Bùsírátù kò jókòó. Ó ti mọ ọmọ yìí láti ìgbà tí wọ́n ti ń fà á lọ́wọ́ lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi, ó sì mọ̀ pé bí ó bá ti ń fi ọwọ́ kan ra ìkejì báyìí, ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ kò dára.

"A máa ti Ilé Ẹ̀yìn," ni Olújìmí wí. "Kí gbogbo wọn ti lọ tó bá fi máa di ọjọ́ Ẹtì."

Ilé Ẹ̀yìn ni wọ́n ń pe ilé ilẹ̀ oníyàrá mẹ́rin tó wà lẹ́yìn ọsibítù náà, ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ń sá aṣọ sí. Dókítà Bándélé ló kọ́ ọ ní ọdún mẹ́rìndínlógún sẹ́yìn, nígbà tó rí i pé àwọn kan wà tí àìsàn wọn ti kọjá ti dókítà, síbẹ̀ tí wọn kò tíì ṣeé gbé lọ sílé: ẹni tí rọpárọsẹ̀ kọlù tí kò lè dá jókòó, ìyá àgbà tí wọ́n ti to egungun itan rẹ̀ tán, ẹni tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀ nítorí àtọ̀gbẹ. Kì í ṣe oògùn ni irú wọn nílò mọ́, ọwọ́ èèyàn ni. Wọ́n nílò ẹni tí yóò máa yí wọn padà lórí ibùsùn, tí yóò máa fọ egbò, tí yóò sì máa kọ́ wọn ní ìrìn bí ìgbà tí èèyàn ń kọ́ ọmọ ọwọ́. Bùsírátù ni olórí ibẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣí i. Ìyá Nọ́ọ̀sì ni gbogbo èèyàn ń pè é. Rodiat ló ń ràn án lọ́wọ́, obìnrin kan tí kò dé ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì rí, ṣùgbọ́n tí ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ lára aláìsàn.

"Kí ni Ilé Ẹ̀yìn ṣe, Ọ̀gá?" Bùsírátù béèrè.

"Kò mówó wọlé. Ẹ̀yin náà mọ̀. Ẹni tó bá wà ní wọ́ọ̀dù, ìnṣọ́ránsì ń sanwó rẹ̀. Ọjọ́ tí dókítà bá ti kọ ọ́ pé ara rẹ̀ ti yá, wọ́n á dáwọ́ dúró. Tí Ilé Ẹ̀yìn, ẹbí ló ń san án, ìdajì wọn kò sì lè san. Oṣooṣù ni mò ń fi owó wọ́ọ̀dù dí ihò yẹn."

"Ihò kọ́ o. Bẹ́ẹ̀dì mẹ́rìnlá la ní ní wọ́ọ̀dù. Bí Ilé Ẹ̀yìn kò bá sí, wọ́ọ̀dù náà ni àwọn tó wà lọ́dọ̀ mi yóò máa sùn. Níbo lẹ ó wá tẹ́ ẹni tí ẹ bá fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún sí? Bàbá yín máa ń sọ ọ́ pé owó tí Ilé Ẹ̀yìn ń pa, wọ́ọ̀dù ni wọ́n ti ń kà á."

"Bàbá mi sọ ọ̀pọ̀ nǹkan," ni Olújìmí wí. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Wọn kò sọ fún yín pé àwọn jẹ báńkì ní gbèsè. Nígbà tí mo dé ni mo rí i. Owó dísù jẹnẹrétọ̀ nìkan ń gba ìdámẹ́ta ohun tó ń wọlé. Nọ́ọ̀sì méjì ló lọ sí ìlú òyìnbó lóṣù tó kọjá. Mo ti rí ẹni tó fẹ́ yá wa ní owó ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fọ ẹ̀jẹ̀ àwọn tí kíndìnrín wọn ti dáṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni aláìsàn kan ń wá síbi rẹ̀, kò sì ní sùn. Ilé Ẹ̀yìn nìkan ló lè gbà á. Tí mi ò bá ṣe é, Àǹtí, gbogbo wa la máa lọ sílé kí ọdún tó ń bọ̀ tó parí. Ẹ̀yin pẹ̀lú."

Bùsírátù bẹ̀ ẹ́ fún oṣù méjì. Olújìmí ní kò ṣeé ṣe. Ó bẹ̀ ẹ́ fún oṣù kan. Olújìmí wo ojú fèrèsé, ó ní àwọn tó fẹ́ wá wó ògiri ti gba àsansílẹ̀.

Aláìsàn mẹ́fà ló wà ní Ilé Ẹ̀yìn. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni àwọn ẹbí ti ń wá kó wọn. Bùsírátù ń pe wọn lórí fóònù lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà fún gbogbo wọn, ó sì ń gba èébú tí kì í ṣe tirẹ̀. Ọmọ ìyá àgbà kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ to egungun ìbàdí rẹ̀ sọ fún un pé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni òun ń gbé ní Ìbàrà, àkàsọ̀ mẹ́rìnlélógún ló wà níbẹ̀, kí Ìyá Nọ́ọ̀sì kọ́ òun bí ìyá òun yóò ṣe gùn ún. Àwọn ọmọ ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ ìjà lẹ́nu ọ̀nà lórí ẹni tí bàbá wọn yóò lọ bá gbé, bàbá náà sì ń gbọ́ ọ láti orí kẹ̀kẹ́ aláìsàn tí wọ́n gbé e kà. Bùsírátù kọ bí wọn yóò ṣe máa fọ egbò sórí ìwé, ó fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó kó ìbọ̀wọ́ àti òwú tó ṣẹ́kù lé wọn lọ́wọ́. Nígbà tí ilẹ̀ Ọjọ́rú yóò fi ṣú, èèyàn márùn-ún ti lọ. Ó ku ẹnì kan.

Bàbá Sàlàhúdíìnì ni ẹni náà. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni. Aké ló ti ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe fún bí ogójì ọdún, kí rọpárọsẹ̀ tó gba apá ọ̀tún rẹ̀ àti ẹnu rẹ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló kù tó lè sọ: bẹ́ẹ̀ ni, rárá, àti Àfúsá, orúkọ ọmọ kan ṣoṣo tó bí. Ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ pẹ̀lú kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́. Ògì tó ki dáadáa ni wọ́n ń fún un, ṣíbí kékeré kan lẹ́ẹ̀kan, àgbọ̀n rẹ̀ yóò wà lórí àyà, wọn yóò sì dúró títí wọn yóò fi rí i pé ó ti gbé e mì. Omi lásán kò gbọdọ̀ kàn án lẹ́nu. Bùsírátù ti fi bírò pupa kọ ọ́ sí ògiri lókè ibùsùn rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ló ti lò níbẹ̀, ó sì ti ń dìde dúró díẹ̀ bí wọ́n bá dì í mú.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni Àfúsá ń wá láti Owódé. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún rèé tí wọn kò ti rí i. Fóònù rẹ̀ kò lọ.

"Àwọn ọmọ ayé," ni Rodiat wí. "Wọ́n ti já wọn jù síbí."

"Má sọ bẹ́ẹ̀. O kò mọ ohun tó ṣe é."

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, Bùsírátù fún Bàbá lóúnjẹ, ó wẹ̀ ẹ́, ó sì sọ fún un pé òun ń lọ bá Àfúsá. Ojú Bàbá là. Ó fi ọwọ́ òsì rẹ̀ di ọwọ́ Bùsírátù mú tipẹ́tipẹ́. Bùsírátù wá yíjú sí Rodiat, ó ní kó má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé Bàbá kúrò lórí ibùsùn títí òun yóò fi dé.

Ó wọkọ̀ ní Kútọ̀. Nígbà tó dé Owódé, ó gun ọ̀kadà. Ohun tó mọ̀ nípa ilé Àfúsá kò ju pé ó wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń bó ìrẹsì, bí ọmọ náà ṣe máa ń fi í ṣàlàyé nígbà tó bá ń bá bàbá rẹ̀ tàkúrọ̀sọ. Ibi ìbórẹsì mẹ́ta ni wọ́n yí ká. Níkẹyìn, obìnrin kan tó ń fẹ́ èèpo ìrẹsì kúrò lára ìrẹsì tọ́ka sí ilé kan tí wọn kò rẹ́.

Orí ẹní ni Àfúsá wà. Nígbà tó rí ẹni tó wọlé, ó gbìyànjú láti dìde, kò lè dìde.

"Ṣé Bàbá mi ti kú ni?"

"Rárá. Wọn kò kú."

Ó mí kanlẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó rántí kí i. "Ẹ kú ewu ọ̀nà, Ìyá Nọ́ọ̀sì."

Ọmọ kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n fi aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ bò ó. Bùsírátù wo ọmọ náà, ó wo ìyá rẹ̀. Ojú Àfúsá ti wọnú, ètè rẹ̀ ti bó. Ó ti lóyún nígbà tó ń wá sí ọsibítù, ṣùgbọ́n oyún rẹ̀ kéré lójú, Bùsírátù kò sì fi bẹ́ẹ̀ ka oṣù rẹ̀.

"O kú ewu ọmọ. Ìgbà wo lo bí?"

"Ó ń lọ sí ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbẹ̀bí mi. Lọ́jọ́ kẹta wọ́n ní kí n máa lọ sílé, pé ẹlòmíràn ń dúró de bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n rà fún mi ló gbé fóònù mi lọ. Ọkọ mi ń wakọ̀ fún iléeṣẹ́ kan l'Ékòó, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì ni wọ́n ń jẹ́ kó wá sílé."

Bí ó ṣe ń sọ̀rọ̀ ni Bùsírátù ti ń gbóòórùn. Ẹni tó ti pẹ́ nídìí egbò mọ òórùn náà. Ó ní kó sùn sílẹ̀, ó tú ìró rẹ̀. Ojú abẹ náà ti ṣí ní ìpẹ̀kun kan, ọyún ń jáde níbẹ̀, awọ tó yí i ká sì gbóná bí ààrò. Ó jáde lọ bá aládùúgbò tó ń pọnmi fún Àfúsá, ó gba ìkòkò, ó se omi, ó fi iyọ̀ sí i. Ó yọ òwú díẹ̀ tó wà nínú àpò rẹ̀, ó fọ egbò náà títí ó fi rí ẹran pupa. Àfúsá fi eyín di aṣọ mú, kò ké.

Ohun tó bá wá síbẹ̀ kọ́ nìyí. Ẹni tó fẹ́ fa aláìsàn lé lọ́wọ́ náà ni aláìsàn. Bí èèyàn bá bi í pé irú ta ló yẹ kó wà ní Ilé Ẹ̀yìn, irú ẹni tó wà níwájú rẹ̀ yìí gan-an ni yóò tọ́ka sí.

Nígbà tó di egbò náà tán, kò sí ohun tó tún lè fi ọwọ́ ṣe mọ́, ó wá sọ ọ́. Ó ní wọ́n ń ti Ilé Ẹ̀yìn. Ó ní ọ̀la ni.

Àfúsá ń wo ọmọ rẹ̀.

"Ẹ wò mí, Ìyá Nọ́ọ̀sì. Ọmọ yìí gan-an, aládùúgbò ló ń gbé e fún mi tí mo bá fẹ́ wẹ̀. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fún Bàbá lóúnjẹ, mo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbé wọn jókòó? Tí ẹ bá gbé wọn wá, orí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ yìí náà ni wọn yóò sùn. N ó sì máa wò wọ́n títí wọn yóò fi kú lójú mi."

"Mo gbọ́."

"Ẹ fún mi ní oṣù kan. Kí egbò yìí san. Ẹ jọ̀ọ́. Oṣù kan."

"N ó bá wọn sọ ọ́."

"Kì í ṣe pé ẹ ó bá wọn sọ ọ́," ni Àfúsá wí, ó di etí aṣọ Bùsírátù mú. "Ẹ sọ fún mi pé wọn kò ní gbé Bàbá jáde."

Bùsírátù mọ̀ pé òun kò ní agbára lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n kò lè wo ojú yẹn kó sọ ohun mìíràn. "Wọn kò ní gbé Bàbá jáde," ó wí.

Lórí ọ̀kadà tó ń gbé e padà sí ibùdókọ̀, ó ti pinnu ohun tí yóò ṣe. Bí Olújìmí bá kọ̀, yóò gbé Bàbá lọ sí pálọ̀ òun ní Ìtókò. Ìyá òun tó ń tajà àdìrẹ ní Ìtòkú nígbà kan, tí ẹsẹ̀ ń dùn báyìí, máa ń wà nílé lọ́sàn-án. Rodiat lè máa wá láàárọ̀. Àwọn tó ń gbé ilé kan náà yóò ráhùn, wọn yóò sì dákẹ́ bó bá yá. Oṣù kan kò pẹ́. Ọkàn rẹ̀ fúyẹ́ díẹ̀.

Inú ọkọ̀ ló wà nígbà tí Rodiat pè.

"Ìyá Nọ́ọ̀sì, wọ́n ti gbé Bàbá lọ."

"Àwọn wo?"

"Àwọn tó fẹ́ wó ògiri dé lónìí. Wọ́n ní ọ̀la àwọn ń lọ síbòmíràn. Eruku gba gbogbo yàrá. Ọ̀gá ní aláìsàn kò lè sùn sínú eruku, àyè kò sì sí ní wọ́ọ̀dù. Wọ́n mú fáìlì, wọ́n wo àdírẹ́sì, wọ́n ní kí Akínrẹ̀mí gbé wọn lọ sọ́dọ̀ ẹbí wọn. Mo sọ fún wọn. Mo di kẹ̀kẹ́ náà mú. Ọ̀gá ní kí n tú u sílẹ̀." Rodiat ti ń sunkún. "Ó ti lé ní wákàtí méjì. Kò sí owó nínú fóònù mi, ìsinsìnyí ni mo rí ẹni yá mi ní tirẹ̀."

Àdírẹ́sì tó wà nínú fáìlì, Aké ni. Yàrá tí Bàbá rẹ́ǹtì kó tó ṣàìsàn ni. Àfúsá ti kó ẹrù jáde níbẹ̀ láti bí oṣù méjì.

Bùsírátù pe Akínrẹ̀mí, awakọ̀ ọsibítù.

"Mo ti gbé wọn fún àwọn èèyàn wọn, mà," ni Akínrẹ̀mí wí. "Ọkùnrin kan jáde sí mi níbẹ̀, ó lóun mọ̀ wọ́n dáadáa."

"Ó lóun mọ̀ wọ́n, àbí ó lóun bá wọn tan?"

"Ó lóun mọ̀ wọ́n, mà."

Oòrùn ti ń rọlẹ̀ díẹ̀ nígbà tó dé Aké. Wọ́n ti ta ilé tó wà nínú fáìlì, ẹni tó rà á ti fi búlọ́ọ̀kù dí ẹnu ọ̀nà. Ọkùnrin tó ní òun mọ Bàbá ti bá tirẹ̀ lọ. Bùsírátù rìn láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù, ó ń béèrè bàbá arúgbó kan tí apá rẹ̀ kan kò ṣiṣẹ́. Níbi kẹrin ló ti rí i. Orí àga oníke ló wà, lábẹ́ ìbòji ṣọ́ọ̀bù obìnrin kan tó ń ta òwú àti bọ́tìnnì. Obìnrin náà ti fi ìró ara rẹ̀ dè é láyà mọ́ àga kó má baà ṣubú, ó sì ń fi páálí fẹ́ ẹ. Ṣòkòtò Bàbá ti tutù.

"Àbí ẹ̀yin lẹ ni wọ́n?" obìnrin náà wí. Ummulkulthum lorúkọ rẹ̀. "Ẹ kúuṣẹ́ o. Àwọn ló ń bá ìyá mi tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe láyé àtijọ́, n kò lè fi wọ́n sílẹ̀ nínú oòrùn. Mo rò pé ẹbí wọn lọ mú kọ́kọ́rọ́ wá ni."

"Ẹ ṣeun. Ọlọ́run á san án fún yín."

"Òùngbẹ ti gbẹ wọ́n gan-an. Mo fún wọn ní omi ọ̀rá. Wọ́n ń húkọ́, mo wá tún fún wọn sí i. Odidi méjì ni wọ́n mu."

Bùsírátù kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ ibẹ̀, ó gbé etí lé àyà Bàbá. Ó gbọ́ ọ bí omi tó ń hó nínú ìkòkò tí wọ́n dé. Ó dìde. Kò sọ ohun tó gbọ́ fún Ummulkulthum nígbà yẹn, kò sì padà lọ sọ ọ́ fún un rárá títí di òní. Obìnrin náà ti ṣe ju ohun tí gbogbo àwọn tó kù ṣe lọ.

Bàbá lajú, ó wò ó. "Àfúsá," ó wí.

"Ó ní kí n kí yín," ni Bùsírátù dáhùn. "Ó ti bímọ."

Kẹ̀kẹ́ Márúwá ni wọ́n fi gbé e padà, Bùsírátù dì í mọ́ra bí ẹni di ẹrù tó lè fọ́. Nígbà tí wọ́n dé, àwọn òṣìṣẹ́ ti lu ògiri Ilé Ẹ̀yìn kan wó, eruku funfun bo okùn ìsáṣọ. Ó ní kí wọ́n gbé Bàbá lọ tààrà sí wọ́ọ̀dù. Bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo ló ṣófo níbẹ̀, wọ́n ti tẹ́ ẹ fún ẹni tí wọn yóò ṣiṣẹ́ abẹ fún lọ́jọ́ kejì. Ó gbé Bàbá sí i.

Olújìmí bá wọn níbẹ̀. "Àǹtí, bẹ́ẹ̀dì yẹn ní ẹni tó ni ín."

"Mo mọ̀. Òun nìyí."

"Akínrẹ̀mí sọ fún mi pé ẹbí wọn gbà wọ́n."

"Ẹ wò ó, Jìmí," ni Bùsírátù wí. Ó ti tó ogún ọdún tó ti pè é bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn. "Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí."

Dókítà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ gbé ẹ̀rọ etí lé àyà Bàbá níwájú àti lẹ́yìn. Ó ní omi ti wọ ẹ̀dọ̀fóró. Wọ́n fi afẹ́fẹ́ sí i nímú, wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ tó dára jù tí ọsibítù ní. Olújìmí ní kí wọ́n má ṣe kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti san. Ojoojúmọ́ ló ń wá dúró ní ẹsẹ̀ ibùsùn náà, yóò sì lọ.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni Bàbá lò. Ní ọjọ́ kẹrin, nígbà tí Bùsírátù ti ránṣẹ́ sí i, aládùúgbò mú Àfúsá wá, ó tẹ̀ síwájú bí arúgbó nítorí egbò ikùn, ó gbé ọmọ pọ̀ mọ́ àyà. Ó fi ọmọ náà sí ọwọ́ òsì bàbá rẹ̀. Bàbá wò ó pẹ́. Láti ọjọ́ náà lọ, kò sọ ọ̀kankan nínú ọ̀rọ̀ mẹ́ta náà mọ́. Lẹ́yìn ìrun Àsárì ọjọ́ kẹsàn-án, ó dákẹ́. Wọ́n sin ín kí ilẹ̀ tó ṣú. Akínrẹ̀mí ló fi ọkọ̀ ọsibítù gbé òkú rẹ̀ lọ sí Owódé, kò sì lè gbójú sókè wo ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí àwọn èèyàn tú ká, Àfúsá sọ ọ́, kò fi ìbínú sọ ọ́. "Ẹ ní wọn kò ní gbé Bàbá jáde."

Bùsírátù kúnlẹ̀ fún un níbẹ̀, fún ọmọ tí òun lè bí lọ́mọ. Àfúsá fà á dìde, ó ní, "Ẹ dìde, mà. Ẹ̀yin kọ́." Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí Bùsírátù bá pe fóònù ọkọ rẹ̀ nígbà tí ọkọ náà bá wà nílé láti béèrè egbò náà, ọkọ ni yóò sọ pé ó ti ń san. Àfúsá kì í gbà á sọ̀rọ̀.

Bùsírátù kò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Bí èèyàn bá ní ìyá tó ń bọ́, kì í fi ìbínú kọ owó oṣù. Wọ́n gbé e lọ sí wọ́ọ̀dù, wọ́n ní kí Rodiat máa lọ sílé. Ẹ̀rọ náà dé, wọ́n gbé e sí Ilé Ẹ̀yìn, àwọn aláìsàn kíndìnrín tí wọ́n ti ń rìn lọ sí Èkó tẹ́lẹ̀ ń wá, èèyàn kò sì gbọdọ̀ parọ́ mọ́ ọn, ó ń mówó wọlé.

Ṣùgbọ́n wọ́ọ̀dù bẹ̀rẹ̀ sí í kún. Ìyá kan ṣẹ́ nítan, wọ́n tò ó, ilé rẹ̀ kò ṣeé gbé e lọ, ó wà níbẹ̀. Ọkùnrin kan tí rọpárọsẹ̀ kọlù, ọmọ rẹ̀ ń sọ lójoojúmọ́ pé òun ń bọ̀ lọ́la. Ìnṣọ́ránsì ti dáwọ́ dúró lórí wọn, síbẹ̀ wọn kò ṣeé gbé jù síta. Lẹ́yìn ti Bàbá Sàlàhúdíìnì, Olújìmí fúnra rẹ̀ kò jẹ́ pàṣẹ bẹ́ẹ̀ mọ́. Nígbà tó pé oṣù mẹ́ta, mẹ́sàn-án nínú bẹ́ẹ̀dì mẹ́rìnlá ló wà lọ́wọ́ irú wọn. Dókítà tó ń ṣiṣẹ́ abẹ ń sún iṣẹ́ síwájú, ó ní òun yóò wábi mìíràn lọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n gbé ọkùnrin kan tí ìfun rẹ̀ lọ́ mọ́ra wá sẹ́nu géètì, wọ́n ní kò sí bẹ́ẹ̀dì. Ọkọ̀ tó gbé e wá yí padà. Kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ó débì kan.

Ọjọ́ náà ni Olújìmí wọ wọ́ọ̀dù, ó ń lọ láti bẹ́ẹ̀dì dé bẹ́ẹ̀dì, ó ń wo ojú àwọn tó dùbúlẹ̀. Ó dé ọ̀dọ̀ Bùsírátù.

"Àǹtí, tí mo bá rí ilé kékeré kan rẹ́ǹtì nítòsí, ṣé ẹ máa bá mi ṣí i?"

"Ta ni yóò sanwó rẹ̀?"

"Mi ò tíì mọ̀. Owó ẹ̀rọ yẹn, ọdún mẹ́rin la fi máa san án."

Ìyá tí itan rẹ̀ ṣẹ́ ń kérora lórí ibùsùn. Nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo tó yẹ kó ran Bùsírátù lọ́wọ́ wà lọ́dọ̀ aláìsàn mìíràn.

"Ẹ wá bá mi gbé ìyá yìí," ó wí.

Olújìmí ká apá ẹ̀wù rẹ̀. Kò mọ ibi tí yóò fi ọwọ́ sí, Bùsírátù fi hàn án, ọ̀kan lábẹ́ èjìká, ọ̀kan lábẹ́ ìbàdí. Ìyá náà wúwo ju bí ó ṣe rò lọ. Nígbà tí wọ́n yí i sí ẹ̀gbẹ́, egbò kan hàn ní ìdí rẹ̀, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Olújìmí wò ó, kò sì lè gbójú kúrò níbẹ̀.

"Ibí ló ti rí i," ni Bùsírátù wí. "Kò ní in nígbà tó dé."

Wọ́n ké sí Olújìmí láti ìsàlẹ̀ pé àwọn tó gbé dísù wá fẹ́ gba owó wọn kí wọ́n tó já a. Ó ní òun ń bọ̀. Ó di ìyá náà mú pẹ́ díẹ̀ sí i, títí wọ́n fi ké sí i lẹ́ẹ̀kejì, ó wá lọ. Bùsírátù fi orókùn ti ìyá náà lẹ́yìn kó má baà yí padà, ó nawọ́ gán abọ́ omi iyọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ egbò náà.